Ẹ́ńjìnnì tuntun ń kú lórí àgbàdo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ìlọta ni mo ń ṣe lọ́jà Àtàkúnmọ́sà, n'Iléṣà. Ẹ́ńjìnnì Lister tí màmá mi fi sílẹ̀, agbára ẹṣin 6, ló ń báwa lọ àgbàdo kó tó dákẹ́. Mo ra ti China, 6 náà ni wọ́n kọ sí i lára. Bí mo bá ti da àgbàdo sí i báyìí, èéfín dúdú á bo ṣọ́ọ̀bù, á sì kú. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ má tíì lọ lóṣòó tì í bí Òṣómàáló. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á má parọ́. Lister yẹn, bó bá ń yí 650 ní ìṣẹ́jú kan ló ń mú agbára ẹṣin 6 jáde. Púpọ̀ nínú àwọn kékeré China, ó di 2,600 kí wọ́n tó mú un jáde. Ẹni kan ru agbọ̀n mẹ́rin gun òkè lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kejì ń ru ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sáré lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹrù dọ́gba lókè, àmọ́ ẹ di mẹ́rin lé ẹnì kejì lórí, ọrùn rẹ̀ á wọ̀. Ẹnì kejì yẹn ni ẹ́ńjìnnì China.

Ẹ́ńjìnnì dísù (dísẹ́ẹ̀lì) ò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti pẹ́tírólù. Písítìnì á tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ títí tí yóò fi gbóná kọjá 500°C, nọ́sù (ẹnu ihò tí epo ń gbà wọlé) á fọ́n dísù sí i, á gbiná fúnra rẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo, á máa fi dísù kún dísù, afẹ́fẹ́ ò sì pọ̀ sí i. Èyí tí kò rí afẹ́fẹ́ jó ló di èéfín dúdú yẹn.

Púlì, kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí, ni mo fura sí. Bí ti ẹ́ńjìnnì àti ti ẹ̀rọ ìlọta bá dọ́gba bíi ti àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń yí 650 á fẹ́ yí 2,600. Ewu ni, irin ìlọta lè fọ́ mọ́ yín lójú. Bí ti ẹ̀rọ bá jẹ́ íńṣì 16, kí ti ẹ́ńjìnnì jẹ́ 4.

Ẹ tún ka àwo ara rẹ̀. (Bó bá jẹ́ kW, ìyẹn kílówáàtì, ni wọ́n fi kọ agbára rẹ̀, 4.5 kW ni agbára ẹṣin 6.) Ti China sábà máa ń ní oríṣi agbára méjì: èyí tó lè fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1, àti ti wákàtí 12, tó kéré díẹ̀. Ti wákàtí 12 ni kí ẹ máa kà, torí ẹ ò ní pa á lọ́jọ́ ọjà.

Ohun kan wà tí púlì ò lè dá padà: àgbá irin ńlá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lister. Bí àgbàdo bá há, ìwúwo wọn ló ń tì í kọjá. Tiyín ò ní irú rẹ̀, nítorí náà ẹ máa rọ àgbàdo sí i ní díẹ̀díẹ̀.