Mo ń kàwé tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ Law ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe JAMB kí n lè lọ ka Law ní Yunifásítì Ìbàdàn. Èyí tó kẹ́yìn, 231 ni mo gbà. Tọ̀sán-tòru ni mò ń kàwé, àmọ́ mi ò tíì dé ìdajì Government tí àkókò fi tán. Màmá mi fẹ́ kí n tún lọ forúkọ sílẹ̀ ní lẹ́sìn (kíláàsì àfikún) míì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe? (Ọmọ Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ọmọ Òṣogbo, o kú ìforítì. Kì í ṣe pé o ò kàwé tó. Ọ̀rọ̀ àkókò tó o fẹnu bà yẹn gan-an ni wàhálà rẹ.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ìbéèrè 180 ni JAMB ń béèrè ní wákàtí méjì: 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40-40 nínú iṣẹ́ mẹ́ta tó kù. Ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, 100 ni máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó o bá pín in, ìbéèrè Government kan á tó máàkì méjì ààbọ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì ò pé méjì. Gẹ̀ẹ́sì yìí náà lẹ sì máa ń kọ́kọ́ ṣí, ẹ ó wá jókòó ti àyọkà gígùn, ẹ ó máa kà á lákàtúnkà. Kẹ́ ẹ tó gbójú sókè, ó ti di wákàtí kan. Iṣẹ́ tó o mọ̀ jù ni kó o kọ́kọ́ ṣí, kó o fi àyọkà sẹ́yìn pátápátá. Àwọn olùkọ́ kan ò ní gbà fún mi lórí èyí, àmọ́ ohun tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ tèmi nìyẹn.

Nílé, má kàn máa ka past question bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Mú 40 nínú Government, yí aago fóònù sí ìṣẹ́jú 25, kó o bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti dún, dá bírò dúró, iye yòówù kó kù. Èyí tó o kùnà, kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni, àbí mo ṣi ìbéèrè kà? Ṣíṣì kà yẹn pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Wọ́n á ní kó o mú ọ̀rọ̀ tó lòdì sí "frugal". "Extravagant" wà níbẹ̀, wọ́n á sì ti to "thrifty" ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ń kánjú á rí "thrifty", inú rẹ̀ á dùn pé òun mọ̀ ọ́n, á tẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Máàkì ti lọ.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe JAMB, àmọ́ o ò nílò máòsì. A, B, C, D lo máa fi mú ìdáhùn, N á gbé ọ síwájú, P á dá ọ padà sẹ́yìn. Má sì fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófìfo, torí JAMB kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí ò tọ̀nà.

Lítíréṣọ̀ ni mo ti ń rí ẹ̀yin ọmọ Law tẹ́ ẹ ń jìyà jù. Ìwé tó wà nínú sílébọ́ọ̀sì JAMB, ka òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe àkékúrú tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Àkékúrú á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. JAMB lè fa ìlà kan ṣoṣo yọ, kí wọ́n bi ọ́ pé ta ló sọ ọ́.

Ti Ìbàdàn, wọ́n máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti post-UTME (ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB), wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. 231 tìrẹ di 28.875. Ẹni tó gba 280, 35 ni tiẹ̀. Tó o bá fi máàkì 13 péré ju onítọ̀hún lọ ní post-UTME, o ti kọjá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó bọ́hùn.

Ní ti lẹ́sìn, bí ibẹ̀ bá ní kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ lè máa fi dánra wò, lọ. Tó bá jẹ́ nóòtì ni wọ́n kàn ń kọ sójú pátákó, èyí tó o ní ti tó. Ẹni tó bá sì sọ fún màmá pé òun máa bá ọ ṣe runs, ìyẹn màgòmágó ìdánwò, kí wọ́n má fún un ní kọ́bọ̀. JAMB ń wọ́gi lé irú èsì bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó o bá ń forúkọ sílẹ̀, ní kí wọ́n fi mock, ìyẹn ìdánwò àfidánrawò JAMB, kún un, kó o san owó rẹ̀. Gbọ̀ngàn CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) gidi ni wọ́n ti ń ṣe é.