Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí fi orúkọ òyìnbó wá iṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Alfa wa, as-salāmu ‘alaykum. Ìlú London ni mo ń gbé. Orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Abdul”, orúkọ bàbá mi sì jẹ́ orúkọ Yorùbá tó gùn dáadáa. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́, ìhín náà ni mo sì ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti parí, mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó lé ní ogójì, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fèsì sí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní kí n yọ orúkọ mi kúrò, kí n kọ “Daniel”, kí n wá orúkọ ìdílé òyìnbó kan so mọ́ ọn. Ó ní bí òun ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Alàgbà kan ní mọ́sálásí wa sọ pé kádàrá ni, kí n ṣe sùúrù, kí n má máa pariwo ẹlẹ́yàmẹ̀yà kiri. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀sìn gbà mí láàyè láti yí orúkọ náà? Tí mo bá ríṣẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ṣé owó oṣù mi á jẹ́ hàláálì? Ṣé àìnísùúrù ni tí mo bá fẹjọ́ sùn?

ÌDÁHÙN

Wa ‘alaykumu s-salām wa rahmatullāhi wa barakātuh. Ọmọ mi, kí n tó dé orí ohun tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́, fọkàn balẹ̀ ná: orí rẹ kò burú, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ kì í ṣe àròsọ.

Ní 2019, àwọn olùwádìí kan ní Nuffield College ní Oxford gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n ti fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ bíi 3,200 ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́ ní ilẹ̀ Britain láàárín 2016 sí 2017. Wọ́n jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí àti ìrírí inú àwọn lẹ́tà náà bára dọ́gba, wọ́n wá fi orúkọ àti ẹ̀yà yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ti òyìnbó, 24 ni wọ́n fèsì rere sí. Nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tó kù, 15 ni. Ọmọ Nàìjíríà ló wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà le fún jù: ó ní láti fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kọ lẹ́tà ju òyìnbó lọ kí wọ́n tó dá a lóhùn bákan náà. Ìyẹn ni pé níbi tí ojúgbà rẹ bá ti kọ mẹ́wàá, méjìdínlógún ni tìrẹ. Ẹnikẹ́ni kò bú ọ, ẹnikẹ́ni kò tì ọ́ síta. Èsì ni kò kàn dé. Ohun tó mú kí irú ìrẹ́jẹ yìí ṣòroó dì mú nìyẹn, nítorí o kò lè na ìka sí ẹnì kan pé òun ló ṣe é.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) mọ irú rẹ̀ kí ìmísí Ọlọ́hun tó sọ̀kalẹ̀ fún un rárá. Oníṣòwò kan wá láti Zabīd ní Yemen, ó gbé ọjà dé Mẹ́kà. Al-‘Āṣ ọmọ Wā’il ra ọjà náà, ó sì kọ̀, kò sanwó. Ọkùnrin náà kiri ilé àwọn àgbà Kùráẹ́ṣì, ẹ̀yà tó ni àṣẹ ìlú Mẹ́kà, wọn kò dá a lóhùn. Kí ló dé? Àlejò ni, kò ní ìdílé tí yóò gbèjà rẹ̀ nínú ìlú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ètò ìlú Mẹ́kà nígbà náà kò ní àyè fún ẹni tí kò ní ìdílé. Ó gun òkè lọ, ó kígbe ẹjọ́ rẹ̀ sétí gbogbo ayé. Àwọn kan wá kó ara wọn jọ sí ilé ‘Abdullāh ọmọ Jud‘ān, wọ́n búra pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ ní Mẹ́kà, ìbáà jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí àlejò, àwọn á wà lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹ̀tọ́ rẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ḥilf al-Fuḍūl ni wọ́n ń pe àdéhùn náà. Ànábì wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ ni nígbà náà. Lẹ́yìn tí ó ti di ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, ó sọ pé bí wọ́n bá pe òun sí irú rẹ̀ nínú Islām, òun á jẹ́ ìpè náà.

Ṣe àkíyèsí pé kò sẹ́ni tó sọ fún ará Yemen yẹn pé kó lọ paarọ̀ orúkọ, kó máa pe ara rẹ̀ ní Kùráẹ́ṣì. Ìlú ló ní àrùn, ìlú náà ni wọ́n sì ń wá oògùn fún.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ̀ka méjì ni, a kò sì gbọdọ̀ pò wọ́n pọ̀.

Orúkọ tìrẹ gan-an, èyí tí wọ́n fi ń pè ọ́, àyè wà níbẹ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ yí orúkọ àwọn kan padà nígbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò dára: ‘Umar, sàhábé rẹ̀, ní ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní ‘Āṣiyah, èyí tó túmọ̀ sí aláìgbọràn, ó sì sọ ọ́ di Jamīlah. Orúkọ tí kò ní àbùkù, kò bá a wí. ‘Umar wọ Islām, ‘Umar ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. Nítorí náà, bí o bá ní orúkọ kẹta tí ìyá àgbà sọ ọ́, tí wọ́n ń pè ọ́ nílé, o lè lò ó, òótọ́ ni. Bí o bá fẹ́ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ nìkan kí o tó kọ orúkọ bàbá, òótọ́ náà ni. (Ẹ jẹ́ kí n bẹ ẹ̀yin òbí pẹ̀lú: ẹ yé gé orúkọ ọmọ sí “Abdul” lásán, “ẹrú” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹrú ta ni? Ẹ parí rẹ̀.) Daniel gan-an, Dāniyāl ni, àwọn onímọ̀ wa sì ń dárúkọ rẹ̀ lára àwọn Ànábì àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ó lè jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí. Àmọ́ bí kò bá sẹ́ni tó ń fi pè ọ́ rí, tí o kàn dá a sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí o kọ lẹ́tà kí wọ́n lè rò pé ẹlòmíràn ni ọ́, a ti ń sún mọ́ irọ́.

Orúkọ bàbá ni mi ò lè bá ọ dẹ̀ ẹ́. Allāhu sọ nínú Súrà al-Aḥzāb, áyà 5, pé kí á máa pe àwọn èèyàn mọ́ orúkọ bàbá wọn, ìyẹn ló bá ẹ̀tọ́ mu jù lọ́dọ̀ Rẹ̀. Bukhārī àti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, sì gba hádíìsì wá pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ so ara rẹ̀ mọ́ ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ̀, àlùjánnà di èèwọ̀ fún un. Ìkìlọ̀ tó lágbára ni. Kí o wá orúkọ ìdílé òyìnbó kan tí o kò mọ̀ rí, kí o so ó mọ́ ara rẹ láti fi bo ibi tí o ti wá mọ́lẹ̀, má ṣe é. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àwọn bàbá wa ló wí bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn sì tì wọ́n lẹ́yìn.

Àwọn kan máa ń mú ìtàn Ànábì Ibrāhīm wá, pé ó sọ fún ọba aláṣẹ ìkà kan pé arábìnrin òun ni Sārah, tí ó sì ní i lọ́kàn pé arábìnrin nínú ẹ̀sìn. Òótọ́ ni, hádíìsì tó gún ni. Ẹ̀mí àti iyì ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú ewu níbẹ̀. Àìríṣẹ́ dunni, mo mọ̀, àmọ́ kò tíì tó ìyẹn.

Ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ kí o rò. Ní 1963, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú Bristol kì í gba aláwọ̀ dúdú àti ará Éṣíà ṣe awakọ̀ tàbí kọ̀ńdọ́tọ̀. Paul Stephenson, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kan, ṣètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Guy Bailey. Gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: òyìnbó ló dún bí i. Wọ́n fún un láyè kó wá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ará erékùṣù Caribbean ni, wọ́n fagi lé e. Orúkọ rẹ̀ mú un dé ẹnu ọ̀nà, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi tì í. Àwọn èèyàn dúdú ìlú náà wá kọ̀, wọn ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́, ọ̀pọ̀ òyìnbó náà dúró tì wọ́n, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún yẹn ilé iṣẹ́ náà sì fi òfin burúkú rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ Britain ṣe òfin àkọ́kọ́ lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní 1965, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ilé gbígbé ní 1968. Ọ̀nà tí ìwọ ń rìn lónìí, àwọn tí wọn kò fara pamọ́ ló là á.

Lórí owó oṣù, ọ̀rọ̀ kò gùn. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí ẹ̀sìn gbà, tí ìwé ẹ̀rí rẹ jẹ́ òótọ́, tí o sì ń ṣe iṣẹ́ náà bó ti yẹ, hàláálì ni owó rẹ. Bí irọ́ bá wọ ọ̀nà tí o gbà dé ibẹ̀, irọ́ yẹn ni wàá ronú pìwà dà lé lórí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò ní kí o da owó iṣẹ́ tí o ṣe nù. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ bẹ́ẹ̀, kí ó má bàa máa fi ìbẹ̀rù jẹun.

Ó wá ku ti alàgbà tó ní kádàrá ni. Kí Ọlọ́hun san án lẹ́san ìmọ̀ràn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó fẹ́ tù ọ́ nínú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ‘Umar dé Sargh lójú ọ̀nà Shām (ilẹ̀ Síríà), tó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú, ó ṣẹ́rí padà. Abū ‘Ubaydah, sàhábé bíi tirẹ̀, bi í pé, ṣé kádàrá Ọlọ́hun lẹ ń sá fún? Ó dáhùn pé, bẹ́ẹ̀ ni, a ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Àbòsí tí ẹ̀dá bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, a kì í fi kádàrá bò ó láṣọ. Nínú Súrà an-Nisā’, áyà 148, Allāhu sọ pé Òun kò fẹ́ kí a máa pariwo ọ̀rọ̀ burúkú, àyàfi ẹni tí wọ́n bá ṣe àbòsí sí. Ìwọ ni Ó yọ sílẹ̀ yẹn. Sùúrù ni kí o má bọ́hùn, kí o má fi ìrun sílẹ̀, kí o má kórìíra gbogbo òyìnbó nítorí àwọn kan. Ìpalọ́lọ́ ò sí nínú ìtumọ̀ rẹ̀.

Òfin Equality Act ti 2010 dáàbò bo ẹni tó ń wáṣẹ́ pẹ̀lú, kì í ṣe ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan. Ó ka àwọ̀, ẹ̀yà, orílẹ̀-èdè àti ẹ̀sìn mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ fi iṣẹ́ dun ẹnikẹ́ni. Àjọ Acas, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ rántí Súrà al-Mā’idah, áyà 8: kí ìkórìíra má sún wa ṣe àìdọ́gba. Ìwádìí tó kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà kò tíì fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan báyìí ṣe ọ́. Ẹ̀rí ni kí o wá kí o tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò lè gbé mì. A ń bínú sí òyìnbó, ó sì yẹ ká bínú. Àmọ́ mo mọ Mùsùlùmí tó ń gba ìrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wa lọ́jọ́ Jímọ̀h, tí kò jẹ́ fọmọ rẹ̀ fún un nítorí àwọ̀. Mo mọ ọmọ Yorùbá tó ń pe èèyàn dúdú bíi tirẹ̀ ní orúkọ ẹ̀gàn torí pé ó dú ju òun lọ, tó sì ń fi ọṣẹ bóra. Abū Dharr, sàhábé ńlá, fi ìyá ọkùnrin kan bú u, nítorí ìyá náà kì í ṣe Lárúbáwá. Ànábì sọ fún un pé, ìwọ jẹ́ ẹni tí ìwà ìgbà àìmọ̀kan ṣì wà nínú rẹ̀. Abū Dharr ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún o! Ta ni ìwọ àti èmi? Ìblīs ló kọ́kọ́ sọ pé òun sàn ju ẹlòmíràn lọ nítorí ohun tí a fi dá òun.

Fi ìdáhùn yìí han alàgbà yẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Sọ fún un pé ẹ fẹ́ kí mọ́sálásí yan àgbà mélòó kan tó mọ̀wé, agbẹjọ́rò kan, oníṣirò owó kan, tí á máa ka lẹ́tà àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, tí á sì bá ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ dé ibi tí ó yẹ. Àwọn lẹ́tà ogójì tí o ti kọ, má pa wọ́n rẹ́. Tò wọ́n jọ, kọ ọjọ́ tí o fi ránṣẹ́ àti èsì tí o gbà síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì yára, nítorí àkókò tí òfin fún olùpẹ̀jọ́ kò gùn. Èyí tó kàn, orúkọ bàbá rẹ ni kí o kọ sí i.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.