Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ẹni Tó Ń Sáré Kì Í Tètè Gbó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù, ọ̀nà Èkó sí London ni wọ́n sì máa ń fò jù. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó ní òun ò ní tètè darúgbó bíi tàwa tá a wà nílẹ̀, pé sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé bí ènìyàn bá ṣe ń sáré sí ni àkókò rẹ̀ ṣe ń falẹ̀ sí. Àbúrò rẹ̀ ní irọ́ ni, pé inú fíìmù nìkan ni irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rí kankan wà? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, èló ni ọmọ mi ń rí jẹ níbẹ̀? Báwo sì ni ènìyàn ṣe máa sáré tó, kó tó hàn lójú? (Ìyá Bọ́lá, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, Màmá. Ìmọ̀ físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, kò sì sí sáà kan tí irú ìbéèrè yìí kì í jáde. Ẹ jẹ́ kí n dá ẹjọ́ náà kí n tó rò ó. Ohun tí ọmọ yín sọ jẹ́ òótọ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí mo lè kà tán síbí lọ. Ibi tó ti gbé e lé iṣẹ́ ara rẹ̀ lórí ló ti ṣì í. Lójú ọ̀nà Èkó sí London, òun gan-an ló ń yára gbó ju ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ lọ. Ó kéré débi pé kò sí dígí tó lè fi hàn án, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Albert Einstein ló gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní 1905. Ohun tó fi ṣe ìpìlẹ̀ ni pé ìyára ìmọ́lẹ̀ kì í yí padà: nǹkan bí 300,000 kìlómítà ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ì báà jẹ́ ẹni tó jókòó ló wọ̀n ọ́n, ì báà jẹ́ ẹni tó ń sáré. Ẹ wá ro aago kan tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín dígí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bó bá ti lọ tó sì bọ̀, aago náà á dún lẹ́ẹ̀kan. Tí ọmọ yín bá gbé aago yìí wọ bàálù, lójú tirẹ̀, òkè sódò ni ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Lójú ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró nílẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń gòkè ni dígí ń sún síwájú pẹ̀lú bàálù, torí náà ọ̀nà tó ń rìn dagun, ó sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà ti gùn sí i, ìyára ò sì pọ̀ sí i, ó wá di dandan kí ìró kan pẹ́ kó tó tẹ̀ lé èkejì. Gbogbo ohun tó bá wà nínú bàálù yẹn ló jọ ń falẹ̀ pọ̀, títí kan ọkàn tó ń lù, tíì tó ń tutù àti irun tó ń hù, ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò fi ní mọ nǹkan kan lára.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù kò ní í ṣe pẹ̀lú aago rárá. Àwọn nǹkan tíńtìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní muon. Ìtànṣán tó ń ti òfúrufú lọ́hùn-ún wá ló máa ń kọlu afẹ́fẹ́ lókè, lẹ́yìn náà ni àwọn muon á jáde, wọ́n á sì máa já bọ̀ wá sílẹ̀. Wọ́n ń gba ara ẹ̀yin àti èmi kọjá nísinsìnyí. Muon kì í pẹ́ láyé. Tó bá dúró sójú kan, microsecond 2.2 ni ìpíndọ́gba ọjọ́ ayé rẹ̀ kó tó tú ká, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni microsecond.

Àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, David Frisch àti James Smith, gbé ẹ̀rọ tó ń ka muon gun orí òkè Mount Washington ní New Hampshire, l'Amẹ́ríkà, tó ga tó nǹkan bí mítà 1,900. Àwọn muon tí wọ́n yàn láti kà ń sá eré tó tó ìdá 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìyára ìmọ́lẹ̀. Ní wákàtí kan, ẹ̀rọ wọn ka 563. Wọ́n wá gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Cambridge ní Massachusetts, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Láti orí òkè yẹn dé ìsàlẹ̀, muon nílò microsecond bíi 6.4 lórí aago tiwa. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Bó bá jẹ́ pé àkókò kì í falẹ̀ fún ẹni tó ń sáré, nǹkan bí 27 péré ló yẹ kó kù nínú 563 nísàlẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà kà lé ní 400. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1963, ìṣirò wọn sì fi hàn pé àkókò àwọn muon yẹn falẹ̀ ní ìlọ́po tó súnmọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ bá mi bi àbúrò Bọ́lá léèrè ibi tí àwọn tó lé ní 370 yẹn ti wá.

Ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì tó wà lẹ́bàá Geneva, wọ́n tún ṣe é lọ́nà tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń fi muon sáré yí po nínú òrùka kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 14, ní ìdá 99.94 nínú ọgọ́rùn-ún ìyára ìmọ́lẹ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1977 ni pé ọjọ́ ayé wọn kúrò ní microsecond 2.2, ó di 64. Iye tí ìṣirò Einstein sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn, àárín rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ lè sọ pé, ó dáa, nǹkan tí ojú ò rí nìyẹn. Ti bàálù ńkọ́? Ní oṣù October 1971, Joseph Hafele àti Richard Keating gbé aago cesium mẹ́rin (aago átọ́ọ̀mù tó péye gan-an) wọ bàálù akérò, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, wọ́n sì gbé wọn yí ayé ká lẹ́ẹ̀mejì: ìrìn àkọ́kọ́ gba ìlà-oòrùn, èkejì gba ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún aago bí wọ́n ṣe ń rà á fún èrò, orúkọ tí wọ́n kọ sí i ni "Mr. Clock". Owó gbogbo iṣẹ́ náà kò ju nǹkan bí 8,000 dọ́là lọ, tíkẹ́ẹ̀tì ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo mọ àwọn tó náwó ju ìyẹn lọ lórí àpéjẹ tí wọ́n fi kéde pé àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí.

Nígbà tí wọ́n padà dé Washington tí wọ́n fi àwọn aago náà wé èyí tí kò kúrò nílé, àwọn tó gba ìlà-oòrùn ti fà sẹ́yìn ní nanosecond 59, àwọn tó gba ìwọ̀-oòrùn sì ti sáré síwájú ní nanosecond 273. Ẹgbẹ̀rún nanosecond ló wà nínú microsecond kan. Kí ló dé tí ọ̀kan fi fà sẹ́yìn tí èkejì sì sáré? Nǹkan méjì ló ń jà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ tá a dúró lé kò dúró, ìlà-oòrùn ló ń yí lọ. Ẹ rò ó bí ẹni tó ń rìn nínú ọkọ̀ ojú irin tó ti gbéra: tó bá ń rìn lọ síwájú, ìrìn rẹ̀ kún eré ọkọ̀, tó bá kọjú sẹ́yìn, ó yọ kúrò níbẹ̀. Bàálù tó gba ìlà-oòrùn ń sáré ju ilẹ̀ Washington lọ, èyí tó gba ìwọ̀-oòrùn kò sáré tó o.

Èkejì ni gíga. Lẹ́yìn 1905, Einstein tún fi kún un pé bí ènìyàn bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó, níbi tí òòfà ilẹ̀ ti lágbára, ni àkókò rẹ̀ ṣe ń falẹ̀ tó. Ẹni tó bá gòkè, aago rẹ̀ á sáré díẹ̀. Nínú ìrìn ìlà-oòrùn, ìṣirò ní gíga á fi nanosecond 144 kún un, eré á yọ 184 kúrò, kó ku 40 tí aago á fi fà sẹ́yìn. Wọ́n rí 59, èyí sì wà láàárín ìwọ̀n àṣìṣe tí wọ́n ti kéde. Ní ti ìwọ̀-oòrùn, gíga fi 179 kún un, eré náà fi 96 kún un, ó di 275. Wọ́n rí 273.

Àwọn kan ṣàríwísí pé aago wọn máa ń yẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn ò sì jayò pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka èyí tí Carroll Alley àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Maryland ṣe ní 1975 sí 1976 sí ẹ̀rí tó dúró dáadáa ju ìyẹn lọ. Bàálù ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń yí po lókè Chesapeake Bay fún bíi wákàtí 15 lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń fi ìmọ́lẹ̀ laser ka aago inú rẹ̀ láti ilẹ̀ bó ṣe ń fò lọ́wọ́. Eré mú kí aago náà fà sẹ́yìn ní bíi nanosecond 6, gíga mú kó sáré ní bíi 53, ó wá fi 47 ṣíwájú èyí tó wà nílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ yín wà. Èkó àti London fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù lọ sí àríwá, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Bí bàálù bá ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan, ní gíga kìlómítà 10, fún wákàtí mẹ́fà àbọ̀, eré á yọ nanosecond bíi 8 kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, gíga á sì fi bíi 25 kún un. Ó fi nǹkan bí nanosecond 17 gbó jù yín lọ kí wọ́n tó balẹ̀. Tó bá ń fo wákàtí 800 lọ́dún fún ọgbọ̀n ọdún, gbogbo rẹ̀ á tó bíi microsecond 64. Ìgbà tí ẹ fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan. Àìsùn òru àti jíjẹun lásìkò tí kò yẹ ni kó máa ṣọ́ra fún, ìyẹn lè mú ara gbó gidi.

Ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ìbàdàn fi nǹkan bí mítà 200 ga ju etí òkun Èkó lọ. Ìyẹn nìkan tó láti mú kẹ́ ẹ fi ohun tó súnmọ́ microsecond kan gbó ju ará Èkó lọ lọ́dọọdún. Kì í ṣe àwàdà: ní 2010, ní Boulder, Colorado, wọ́n gbé aago kan ga ju èkejì rẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 33, wọ́n sì rí ìyàtọ̀ náà. Àwọn kan náà tún fi hàn pé àkókò ń falẹ̀ ní eré tí kò tó mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Àwọn tó ń gbé nínú ibùdó òfúrufú ISS ni eré ń ṣe láǹfààní, nítorí wọ́n ń sá ju kìlómítà méje lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọn ò sì ga tó láti fi gíga gbà á padà. Scott Kelly lo ọjọ́ 340 níbẹ̀ láti 2015 sí 2016, nígbà tí ìbejì rẹ̀, Mark, wà nílé. Nǹkan tí Scott fi kéré sí i kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. (Mark ni wọ́n kọ́kọ́ bí, Scott sì tẹ̀ lé e ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, nítorí náà lójú tiwa Kẹ́hìndé ni Scott, òun sì ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wá lọ òkè, ó sì tún di kékeré sí i.)

Sátẹ́láìtì GPS tó ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ ọ̀nà lórí fóònù wà lókè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní bíi kìlómítà 20,200. Eré ń mú aago wọn fà sẹ́yìn ní microsecond 7 lójúmọ́, gíga ń mú un sáré ní 45, ó ku 38. Àkókò tí àmì sátẹ́láìtì fi ń rìn, ní ìyára ìmọ́lẹ̀, ni fóònù fi ń mọ ibi tó wà. Ìmọ́lẹ̀ ń rin mítà 300 nínú microsecond kan ṣoṣo, 38 sì jẹ́ ìrìn tó ju kìlómítà 11 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dín aago náà kù nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e gòkè: dípò 10.23 megahertz (ìyẹn mílíọ̀nù ìlù 10.23 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), 10.22999999543 ni wọ́n ṣe é sí.

Ìbéèrè yín tó kù ni bí ènìyàn ṣe máa sáré tó, kó tó hàn. Ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyára ìmọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú bíi méje ni aago á fi fà sẹ́yìn lójúmọ́. Kí àkókò tó falẹ̀ di ìdajì, ó di ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ènìyàn mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ òfúrufú Apollo 10 ní 1969 ló ṣì sáré jù lọ, bíi 39,900 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyẹn ò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ìyára ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, Parker Solar Probe, kọjá lẹ́bàá oòrùn ní December 2024 ní bíi 690,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Bó bá fi gbogbo ọjọ́ sá eré yẹn, eré náà kò lè mú aago rẹ̀ fà sẹ́yìn tó ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá.