Ẹ Fi Agolo Tí Wọn Kò Tíì Ṣí Sílẹ̀: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Tún Bionicle Ìgbà Èwe Rẹ̀ Kó Jọ

Ìbéèrè yín ni pé ẹ rí ìdajì Tahu àti ìbòjú Kopaka kan nínú àpótí àtijọ́, ó sì wù yín láti tún àwọn Bionicle ìgbà èwe yín kó jọ, ìyẹn àwọn jagunjagun ike tí LEGO máa ń tà nínú agolo nígbà náà. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí ẹ fi owó ńlá ra èyí tí wọn kò tíì ṣí agolo rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti jáde. Ìdáhùn tèmi ni pé kí ẹ fi agolo tí wọn kò tíì ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi í ṣòwò, kí ẹ wá òkìtì tí ẹnìkan ń tà lápapọ̀, èyí tí apá ẹnìkan ti dàpọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, tí ìwé ìlànà rẹ̀ sì ti sọnù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra oríṣi méjèèjì. Èyí tí a kò ṣí wà lórí pẹpẹ, eruku ara rẹ̀ ni mo máa ń nù. Òkìtì ló máa ń gba òpin ọ̀sẹ̀ mi, inú rẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tí ọkàn mi ń fà sí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rò pé ó ń fa ọkàn wa sí wọn, nítorí pé ìrísí wọn nìkan kọ́. Nígbà tí LEGO gbé àwọn akọni mẹ́fà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Toa jáde ní ọdún 2001, ìyẹn Tahu tó ni iná, Gali tó ni omi, Lewa tó ni afẹ́fẹ́, Pohatu tó ni òkúta, Onua tó ni ilẹ̀ àti Kopaka tó ni yìnyín, ẹ̀yà ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó 50, síbẹ̀ iṣẹ́ wà nínú wọn. Ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ eléyín ti Technic, ẹ̀ka LEGO tó ní ẹ̀yà bí ti ẹ̀rọ, ni wọ́n fi ṣe ìfun wọn. Bí ẹ bá yí kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn Tahu, apá rẹ̀ á fì idà. Ti Onua ń gbé apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Pohatu ń gbé ẹsẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ló fi ń jà. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó mọ ìdí tí apá náà fi ń lọ tó sì ń bọ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ki ọ̀pá bọ inú kẹ̀kẹ́, bí ó bá sì kì í sí ibi tí kò yẹ, apá náà kò ní mira títí yóò fi tú àyà rẹ̀ palẹ̀ wá ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn Transformers tó ti wà láti ọdún 1984, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló parí wọn kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa: ẹ lè pa wọ́n dà, ẹ kò lè tú wọn kí ẹ sì fi wọ́n dá ẹ̀dá mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Ìwé ìlànà gan-an ló kọ́ wa ní ìwà yìí. Ó fi hàn wá pé bí a bá tú Tahu, Onua àti Pohatu, a lè fi wọ́n to òmìrán kan tó ń jẹ́ Akamai, pé Gali, Lewa àti Kopaka sì lè di Wairuha. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kúrò lábẹ́ ìwé. Nígbà tí àwọn Bohrok, ọ̀tá àwọn Toa, dé ní ọdún 2002, tí wọ́n lè ká ara wọn kò di bọ́ọ̀lù, ohun àkọ́kọ́ tí èmi ṣe ni pé mo yọ ojú wọn fi ṣe asà fún àwọn Toa mi.

Ìtàn wọn náà dà bí òkìtì. Kò sí ibì kan tí ẹ ti lè kà á tán. Díẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn alàwòrán tí Greg Farshtey kọ, díẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú eré kan tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, díẹ̀ wà lára agolo fúnra rẹ̀, àwa ọmọdé la sì ń so ó pọ̀ fún ara wa, pẹ̀lú irọ́ díẹ̀ níbi tí àlàfo bá wà. Christian Faber, tó wà lára àwọn tó dá Bionicle sílẹ̀, ti ṣàlàyé pé kókó kan tó wà nínú ọpọlọ òun, àti oògùn tí òun ń lò sí i, ló mú òun ronú nípa àwọn jagunjagun kéékèèké tí a rán wọ inú ara ẹni ńlá kan tó ń ṣàìsàn. Ọdún 2008 ni ìtàn náà tó wá tú àṣírí yìí fún wa: Mata Nui tí gbogbo wọn ń fẹ́ jí lójú oorun jẹ́ róbọ́ọ̀tì ràgàjì, erékùṣù tí a ti mọ̀ láti ọdún 2001 sì ń bẹ lórí ojú rẹ̀. Mo ti dàgbà díẹ̀ nígbà náà, mo tiẹ̀ ń díbọ́n pé n kò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Bionicle tà púpọ̀, ó sì wà lára ohun tó ń mú owó wọlé fún LEGO ní nǹkan bí ọdún 2003, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà wà nínú gbèsè tó lágbára. Èyí ló fà á tí òkìtì fi pọ̀ lọ́jà títí di òní, tí ẹ kò sì fi ní láti kánjú. Ẹ̀yà ara tó ṣọ̀wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn Toa àkọ́kọ́ kò sí lára wọn, ẹ má sì jẹ́ kí olùtajà kankan fi ọ̀rọ̀ àìtó dẹ́rù bà yín.

Oríkèé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ibẹ̀ ni n óò sì ti sọ̀rọ̀ jù. Bọ́ọ̀lù kan ló ń wọ inú ihò, ètí ihò náà á sì di bọ́ọ̀lù mú. Àwọn ti ọdún 2001 sí 2003 kò ní oríkèé púpọ̀, ihò wọn sì nípọn. Ọ̀pọ̀ èyí tí mo rà ṣì ń di bọ́ọ̀lù mú gírígírí. Láti ọdún 2006, nígbà tí àwọn Toa Inika dé, wọ́n ní oríkèé ní orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, èyí tó jẹ́ kí wọ́n lè dúró bí ènìyàn tòótọ́, ṣùgbọ́n ètí ihò wọ̀nyẹn fẹ́lẹ́. Gbogbo ẹni tó ń kó wọn jọ ló mọ̀ pé àwọn ihò nǹkan bí ọdún 2006 sí 2008 máa ń ya, pàápàá àwọn aláwọ̀ ewé títàn, tó lè ya bí ẹ bá fi bọ́ọ̀lù kàn án lásán. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà ya àwòrán ihò kọ̀ọ̀kan nítòsí, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tí ẹ ń wá ni ìlà funfun tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètí ihò. Bí olùtajà bá ní òun kò ráyè ya àwòrán, ẹ kọjá lọ. Mo ti gba àpótí tó kún fún ẹsẹ̀ yíya lọ́wọ́ ẹni tó búra fún mi pé gbogbo rẹ̀ pé pérépéré.

Bí wọ́n bá dé ọwọ́ yín, ẹ má fa oríkèé ya nígbà tí ike náà bá tutù. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú yàrá tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ di ibi tó súnmọ́ ihò mú, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń tì í jáde. Ẹ má ṣe di ìparí ẹsẹ̀ mú kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo bá fura sí, n kì í fi bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀ bí mo bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Èyí tó bá sì ti ya, lẹ́ẹ̀ kì í mú un pẹ́, nítorí pé ojú ibi tó ya gan-an ni bọ́ọ̀lù ti ń tì í síta. Pààrọ̀ ló yá jù. Ìròyìn ayọ̀ ni pé àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún Hero Factory, ohun ìṣeré LEGO tó tẹ̀lé Bionicle, láti ọdún 2011, àti fún Bionicle tó padà wá ní ọdún 2015 sí 2016, bá bọ́ọ̀lù àtijọ́ mu, wọ́n sì lágbára jù ú lọ. Ẹnìkan lè sọ pé kò tún jẹ́ ojúlówó mọ́. Kí olúwarẹ̀ lọ ra èyí tí wọn kò ṣí.

Fífọ̀ kò le. Omi tí kò gbóná ju 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, ọṣẹ tí kò le, búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀, kí ẹ sì tẹ́ wọn sílẹ̀ títí wọn yóò fi gbẹ. Ẹ má fi wọ́n sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìpọ́n rúsúrúsú ni wàhálà tó ju èyí lọ, Kopaka tó funfun ló sì máa ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti bá ike náà jà fún ogún ọdún. Àwọn kan máa ń rẹ ẹ́ sínú hydrogen peroxide, wọ́n á sì gbé e sí oòrùn. Mo ti ṣe é, ó sì máa ń funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún máa ń pọ́n padà bí àkókò ti ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì yọ ohunkóhun tó bá jẹ́ rọ́bà kúrò, títí kan Krana, ìyẹn ohun rírọ̀ bí ọpọlọ tó wà nínú orí àwọn Bohrok. Èmi ti fi Kopaka mi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó dà bí ẹni tó ti dàgbà pẹ̀lú mi.

Lórí ọ̀rọ̀ ìbòjú, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ní ọdún 2001, inú àpò tí a kò lè rí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta àwọn ìbòjú mìíràn, kí Toa kọ̀ọ̀kan lè kó oríṣiríṣi jọ ní àwọ̀ tirẹ̀, èyí ló sì fà á tí àwọ̀ kan fi lè ṣòro láti rí ju òmíràn lọ. Nísinsìnyí, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fi ike tẹ nǹkan jáde lè ṣe ìbòjú. N kò ní ohun tí mo bá èyí jà fún bí olùtajà bá sọ ọ́ gbangba. Ọ̀pọ̀ ìbòjú tí wọn kò ṣe rí ni mo ní lọ́nà yìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tà á bí ojúlówó, ẹ wo inú rẹ̀: ti ẹ̀rọ ní ìlà wẹ́wẹ́ tó to léra wọn, èyí tí ìka lè mọ̀ bí ojú kò bá tilẹ̀ rí i. Bí ẹ bá sì ń wá àwọn ará abúlé kéékèèké tí McDonald's pín ní ọdún 2001, ẹ wá wọn ní orúkọ méjì. Tohunga ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn Māori ní New Zealand kọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń lo èdè àwọn, wọ́n sì yí i padà sí Matoran. Olùtajà tí kò mọ èyí máa ń kọ orúkọ àtijọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ọjà rẹ̀ kí ó tó kàn yín.

Bí òkìtì bá ti dé, iṣẹ́ tó dùn jù bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ yà wọ́n, lẹ́yìn náà ẹ wá fi irú ẹ̀yà yà wọ́n. LEGO gbé ìwé ìlànà wọn sí orí ìkànnì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nọ́ńbà ara agolo lẹ ó sì fi wá a. BrickLink ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹ̀yà tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ náà lẹ sì ti lè ra apá kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ ó rí àwọn tí ẹ kò ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Inú òkìtì ni mo ti rí Rahkshi, ọ̀tá mìíràn fún àwọn Toa, ti ọdún 2003 àkọ́kọ́ tí mo ní, bẹ́ẹ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà wọ́n sí nígbà èwe.

Ẹnìkan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi èyí sílẹ̀, kí ẹ máa to Gundam, àwọn róbọ́ọ̀tì ike tí Bandai ti ń ṣe láti ọdún 1980, nítorí pé tuntun ni wọ́n, oríkèé wọn kò sì tíì gbó. Mo to wọ́n dáadáa, iṣẹ́ ọnà gidi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n gígé ni a ń gé ẹ̀yà wọn kúrò lára férémù, bí a bá sì ti to ọ̀kan tán, kì í sábà padà di nǹkan mìíràn. Ọwọ́ mi kì í balẹ̀ sí ohun tí n kò ní lè tú.

Ní ti ìdajì Tahu yín, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ yẹ àyà rẹ̀ wò bóyá kẹ̀kẹ́ eléyín rẹ̀ ṣì wà àti bóyá ọ̀pá tó gba àárín rẹ̀ kọjá kò tíì tẹ̀, nítorí pé bí ìwọ̀nyẹn bá wà, ẹsẹ̀, idà àti ìbòjú pupa rẹ̀ tó ń jẹ́ Hau kò ní ṣòro rí nínú òkìtì èyíkéyìí tó bá ti ọdún 2001 wá. Ẹ kọ nọ́ńbà 8534 sílẹ̀, òun ni ti Tahu. Bí kẹ̀kẹ́ náà kò bá sí, ẹ yọ ọ̀kan lára ohun ìṣeré Technic èyíkéyìí tí ẹ bá ní, kí iye eyín rẹ̀ ṣáà bá ti èyí tó sọnù mu, yóò fì idà bó ti yẹ.