Ṣé ṣílè àtijọ́ ṣe é fín ọnà sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo rí àwòrán owó onírin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n fín orí tó wà lára rẹ̀ di bàbá onírùngbọ̀n tó dé fìlà. Ìyá àgbà mi fi ṣílè ayé òyìnbó bíi mélòó kan sílẹ̀ fún mi nínú agolo. Ṣé mo lè fín wọn bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé òfin ò ní mú mi?

ÌDÁHÙN: Ó ṣe é fín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ kan agolo Ìyá àgbà.

Hobo nickel ni wọ́n ń pe èyí tí ẹ rí yẹn. Sẹ́ńtì márùn-ún Amẹ́ríkà ni, èyí tí James Earle Fraser ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣe láti 1913 sí 1938: orí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà lójú kan, ẹfọ̀n lójú kejì. Àwọn tó ń fò mọ́ ọkọ̀ ojú irin kiri láti wáṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní hobo, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di olókìkí. Bertram Wiegand, tí wọ́n ń pè ní Bert, ló kọ́ George Washington Hughes, ìyẹn Bo. Títí dòní làwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń wá iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Orí ara owó náà tóbi, ó sì yọ sókè dáadáa, ohun tí wọn yóò gé wà níbẹ̀. Irun orí rẹ̀ ni wọ́n ń gé di fìlà. Iṣẹ́ yìí, yíyọ kúrò ni, kò sí fífi kún un. Nítorí náà, ṣílè tí ojú ọba ti họ pẹlẹbẹ lára rẹ̀ kò wúlò.

Èyí tí ọdún ara rẹ̀ bá ṣáájú 1920, fàdákà ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ó ṣeé tà. Àwọn tó dé lẹ́yìn ìyẹn, yàtọ̀ sí ti 1959, idẹ ni, idẹ sì máa ń gba irin ìfín dáadáa.

Ní ti òfin, ẹ má gbé kọ́bọ̀ tàbí náírà sábẹ́ irin. Ẹ̀ka 21 nínú òfin CBN ti 2007 ní kí ẹni tó bá ba owó tí báǹkì náà gbé jáde jẹ́ ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san ìtanràn tí kò dín ní N50,000, tàbí méjèèjì. West African Currency Board, àjọ owó ayé òyìnbó, ló gbé ṣílè àtijọ́ jáde ní tiẹ̀, kì í ṣe CBN. Ti 1959 tí wọ́n kọ Nigeria sí, CBN ló gbé e jáde, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ẹ ra irin ìfín kan péré, òkúta ìpọ́nrin, àti awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ìṣó náà lè ṣe é, àwọn ará ìgbàanì lò ó, àmọ́ n kò ní kí ẹ fìyà jẹ ara yín. Pípọ́n irin yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ sá. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan èékánná yín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: bó bá ń yọ̀, ó ti kú, bó bá gbá a mú, ó ti mú.

Ẹ fi oje gbígbóná lẹ owó náà mọ́ pákó, kó má baà mì. Ẹ kọ́kọ́ fi irin mú ilẹ̀ tó yí orí náà ká jọ̀lọ̀, kí ẹ tó fi bírò ya ohun tí ẹ fẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni ẹ ó fi ti irin, àtàǹpàkò ni yóò dá a dúró. Bí ìlà bá máa tẹ̀, pákó ni kí ẹ yí, ẹ má yí ọwọ́. Bí irin bá nàró jù, yóò rì. Bó bá sùn jù, yóò yọ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ̀ bá ọwọ́ òsì yín níwájú. Ẹ wọ awò ojú.

Orí àfọ́kù idẹ pẹlẹbẹ ni kí gbogbo èyí ti wáyé ná. Nígbà tí ìlà yín bá ti ń tẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́, ẹ mú ṣílè onídẹ tó dọ̀tí jù nínú agolo yẹn.