Ẹranko Afọmúbọ́mọ ní Ìgbà Dáínósọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa dáínósọ̀, ọ̀kan nínú wọn bèèrè bóyá ẹranko tí ń fọ́mọ lọ́mú ti wà láyé nígbà náà. Bí ó bá ti wà, ṣé a lè rí egungun rẹ̀ bí a bá gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè Olósùnta?
Olùkọ́ kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́, ẹ sì bá wa sọ fún ọmọ náà pé ó káre. Ó ti wà. Ọ̀kan tí a mọ̀ dáadáa ni Morganucodon, tí Walter Kühne sọ lórúkọ ní ọdún 1949 láti ara eyín tí a rí nínú pàlàpálá àpáta ní gúúsù Wales. Ó gbé ayé ní nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju asín lọ.

Àwọn onímọ̀ kan kà á sí ìbátan tímọ́tímọ́ àwọn afọmúbọ́mọ, wọn kò kà á mọ́ wọn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo eyín rẹ̀. Eyín ọ̀nì a máa ká, a sì máa hù léraléra títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Morganucodon ń pààrọ̀ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn ti ń ṣe, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ gbà pé ọmú ni ọmọ rẹ̀ ń mu kí ó tó lè jẹun. Kòkòrò tí ẹ̀yìn wọn le bíi ti yímíyímí ni ó fi eyín náà ń fọ́ jẹ.

Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Lọ́dọọdún ni ìpele tín-ínrín kan máa ń kún ara gbòǹgbò eyín. Wọ́n fi ìtànṣán X-ray tí ó lágbára wo inú eyín náà láìfọ́ ọ, wọ́n sì ka àwọn ìpele náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé ẹranko kékeré yìí lè lo ọdún 14 láyé, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóde òní kì í sábà lò ju ọdún mélòó kan lọ. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sún mọ́ ti afàyàfà ju ti eku lọ.

Ní ti Olósùnta, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara. Inú ilẹ̀ gbígbóná ni àpáta rẹ̀ ti wá, ó sì ti dì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí Morganucodon tó dé. Amọ̀ àti iyanrìn tí omi kó jọ ni ó máa ń bo egungun títí yóò fi di òkúta. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ìhà Sókótó, níbi tí a ti rí egungun Goronyosaurus, afàyàfà ńlá inú òkun tí ó gbé ayé ní ìgbà àwọn dáínósọ̀.