Ọjọ́ mélòó lẹ ó lò lórí ilẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ san owó ọkọ̀ onígbòkun tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ tọ ipasẹ̀ Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí tó fi ọkọ̀ òkun yí ayé ká láyé àtijọ́, láti Plymouth ní England, mo ti bá irú rẹ̀ lọ dé Praia ní Cape Verde. Ojú mi rí nǹkan.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, mi ò kọ́ ohunkóhun. Bí a ṣe wọ Bay of Biscay, agbami tó wà láàárín France àti Spain, ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í rú mi, mo bì títí kò fi sí nǹkan tí mo tún lè bì mọ́. Mo ní oògùn lọ́wọ́ o, àmọ́ ìgbà tí òòyì ti gbé mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e mì. Kí ọkọ̀ tó ṣí ni wọ́n ń lò ó! Ẹ dúró sí àárín ọkọ̀, ibẹ̀ kì í fì púpọ̀, kẹ́ ẹ sì tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi. Darwin fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ èébì yìí láti 1831 tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣí títí di 1836 tó padà dé. Bí inú bá ti ń rú u, èso àjàrà gbígbẹ ló fi ń gbé ẹ̀mí ró.

Ìṣọ́ ńkọ́? Wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ ó sì fa okùn. Oorun ni mo sùn nídìí ẹ̀kọ́ ọ̀sán.

Wọ́n ṣèlérí pé a ó dúró ní Tenerife, erékùṣù kan lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ò gbà, a kọjá. Inú bí mi gan-an, kí ẹnì kan tó rán mi létí pé Darwin náà kò tẹ ibẹ̀: onígbáméjì ń jà ní England, àwọn aláṣẹ Tenerife ní kí ọkọ̀ Darwin fi ọjọ́ 12 dúró lórí omi kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀, FitzRoy ọ̀gá ọkọ̀ náà bá ṣí lọ.

Praia ló wá tù mí nínú. Ìlà funfun kan wà lára àpáta etí òkun níbẹ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 45 sókè omi, tó kún fún ìkarahun, tí àpáta dúdú láti inú òkè ayọnáyèéfín sì bò ó lórí. Ìkarahun òkun, lókè níbẹ̀ yẹn! Òun ló jẹ́ kí Darwin rò ó pé ilẹ̀ náà ti gbéra sókè. Mo fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kà láti ọjọ́ yìí sì yé mi.

Nínú ọdún bíi márùn-ún yẹn, ó lé ní mẹ́ta tí Darwin lò lórí ilẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè iye ọjọ́ tí ẹ ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á ní ọwọ́ afẹ́fẹ́ ló wà, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ iye tó kéré jù sílẹ̀. Èmi ò bèèrè. Ọ̀sán kan péré ni mo rí lò ní Praia.